Ọmọ Òṣómàáló tí kò dìbò fún Tory

Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń dìbò nílùú Ọba. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ọdún 2024, nígbà tí àkọ́bí mi pè mí láti Dartford, ìlú kan nítòsí Lọ́ńdọ̀n. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé wa níbí ní Iléṣà, kò jìnnà sí ààfin Ọwá, mò ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, fóònù fẹ̀yìn ti agolo mílíìkì. Ó ní, "Màámi, mo ti dìbò o." Mo ní kó na ìka rẹ̀ kí n rí tàdáwà. Ó rẹ́rìn-ín títí. Kò sí tàdáwà, kò sí BVAS, kò sí ọlọ́pàá tó gbé ìbọn kọ́rùn. Wọ́n fún un ní pẹ́ńsù tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó fa àgbélébùú síwájú orúkọ ẹni tó wù ú, ó bá tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

"Ìwé wo lo fi hàn wọ́n?"

"Páàsìpọ́ọ̀tù mi ni, Màámi."

Ti Nàìjíríà ni o, aláwọ̀ ewé yẹn gan-an. Kò tíì di ọmọ ìlú wọn. Ṣùgbọ́n òfin wọn gba ọmọ Commonwealth tó bá ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó pé láyè láti yan aṣòfin. Ọmọ kan náà yìí, bí ìbò Nàìjíríà bá dé, ńṣe ni yóò kàn máa wò wá lórí fóònù, torí òfin tiwa kò tíì ro ti ará ẹ̀yìn odi. Ẹ bá mi wo ayé.

Mo bi í pé ta ló wá dìbò fún. Ó ní ẹgbẹ́ Labour. Inú mi ò bàjẹ́, ó kàn ṣe mí ní kàyéfì ni. Torí tí a bá ń wá ọmọ Conservative, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba nígbà yẹn, tí wọ́n tún ń pè ní Tory, nínú ilé wa, òun ni. Òṣómàáló ni bàbá mi. Aṣọ ló ń gbé kiri ìlú onílùú, ó ń tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá sì pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde títí yóò fi gbowó ẹ̀. Ọmọ mi yìí ló jogún ẹ̀ jù. Kì í jẹ gbèsè. Ó ń san ìdámẹ́wàá, ó kórìíra owó orí, ó ń jí àwọn ọmọ rẹ̀ fún àdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kò sì fẹ́ kí ìjọba kankan wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Ọdún 29 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gọ́fúmẹ́ǹtì nílé ìwé gíga níbí. Bí mo bá ní kí n ya àwòrán Tory sójú pátákó fún wọn, ojú ọmọ mi ni ǹ bá yà, àyàfi àwọ̀ ara.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, èsì ti jáde. Conservative tó ní aṣòfin 365 lọ́dún 2019 bọ́ sílẹ̀ sí 121. Wọ́n ti wà láti 1834, wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Dartford pàápàá, tó jẹ́ pé láti 1964, ẹgbẹ́ tó bá wọlé níbẹ̀ náà ló ń wọlé káàkiri, di ti Labour.

Àwọn YouGov tó máa ń wádìí bí èèyàn ṣe dìbò wá gbé ìṣirò kan jáde tí mo dà kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ní 2019, ẹni tó bá ti pé ọdún 39, ó ṣeé ṣe kó dìbò fún Conservative ju Labour lọ. Ní 2024, ọjọ́ orí yẹn ti sún dé 63. Mo ti ju ìyẹn lọ díẹ̀ fúnra mi, mo sì mọ bí àwa àgbà ṣe ń dín lọ́dọọdún.

Àwọn kan á ní kò burú, àgbà kì í tán nílé, ọmọdé òní náà ń bọ̀ wá hewú, tó bá hewú á di Tory. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo tiẹ̀ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àṣé kì í ṣe ewú ló ń sọ wọ́n di Tory. Ilé ni.

Ìyáàfin Thatcher, ọmọ Conservative tó di olórí ìjọba wọn, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dartford yìí náà ló ti kọ́kọ́ dupò, ní 1950 àti 1951, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Margaret Roberts, wọ́n sì fìdí rẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nígbà tó wá dórí àlééfà, òfin ilé ọdún 1980 ló fi fa ojú àwọn tó ń gbé ilé káńsù, ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fi háyà, mọ́ra: ilé tí ẹ ń háyà yìí, ẹ wá rà á, a ó bu owó rẹ̀ wálẹ̀ fún yín. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ilé tó lé ní mílíọ̀nù kan ti kúrò lọ́wọ́ ìjọba. Ayálégbé àná di onílé, ó kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ tó wù ú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ránti obìnrin náà lọ́jọ́ ìbò. Àmọ́ wọn ò kọ́ òmíràn tó èyí tí wọ́n tà. Àwọn ọmọ àwọn tó kunlẹ̀kùn nígbà yẹn ló ń háyà lónìí.

Ọmọ mi ti pé ọdún 38. Yàrá méjì ló ń háyà fún ìyàwó àti ọmọ méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó gbé fóònù yí ká, ó fi ògiri yàrá àwọn ọmọ hàn mí. Ebu dúdú ti gun ògiri láti igun dé ìdajì, bí ìgbà tí èèyàn da omi ẹ̀lùbọ́ sí i. Wọ́n ti fi kàìnkàìn ha á tì. Onílé ní ìmọ̀ràn òun ni kí wọ́n máa ṣí fèrèsé. Nínú òtútù yẹn! Kí ni ẹni tí kò nílé fẹ́ kí Conservative bá òun dáàbò bò? Ebu?

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ọmọ yẹn ti ń múra iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ó ti ta fíríìjì rẹ̀, pé òun àti ọkọ àtọmọ ń lọ. Ló bá di ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, 2024: ìjọba Conservative ní òṣìṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò gbọdọ̀ kó ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ẹgbẹ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹbí kọrin láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó ní kó wá tu arúgbó wọn lójú, kó fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀. Kò lọ mọ́. Kí n má ṣe purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, Labour náà ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ yẹn pa fún ará òkèèrè ní July 2025. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ gbáni létí la máa ń rántí.

Iye àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn kò kéré mọ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, àwọn tó pe ara wọn ní aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà ní England àti Wales kò tó mílíọ̀nù kan. Ní 2021 wọ́n ti sún mọ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Oníṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ nínú wọn, oníṣòwò pọ̀ nínú wọn. Ọmọ òṣómàáló lóríṣiríṣi.

Ẹ ó wá ní Kemi Badenoch ńkọ́. Ní November 2024 tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative, àwọn ìyá Ọjà Àtàkúnmọ́sà ń kí ara wọn bí ẹni pé ará ilé wọn ló jọba. Ọmọ Adégòkè ni, Wimbledon ni wọ́n ti bí i ní 1980, Èkó ló ti dàgbà, ọmọ ọdún 16 ló padà lọ. Nígbà tó di December, ó ní Yorùbá lòun, òun ò bá àwọn ará Òkè Ọya àti Boko Haram wọn tan, àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan fajú ro. Èmi ò dá sí ìyẹn. Èyí tó kàn mí ni ti February 2025: ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 10 ló yẹ kí àlejò fi dúró kó tó gba ìwé ìgbélùú títí lọ, kì í ṣe márùn-ún mọ́. Ọmọ mi ti ń ka tirẹ̀ lórí ìka. Labour náà gba irú ọ̀rọ̀ yẹn sọ kò pẹ́ sígbà náà, ó wá di pé kò mọ ẹni tí yóò bínú sí. Níbi tí Conservative ti ń lé irú ọmọ mi, Reform, ẹgbẹ́ òṣèlú Nigel Farage, náà ń kó àwọn àgbà tó ṣẹ́ kù fún wọn lọ.

Mi ò lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín púpọ̀. Mo wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin kan níbí. A lé ní ogójì nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, a ò pé ogún mọ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹnì kan ní kí á gba àwọn ìyàwó ilé wa tí kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà wọlé, a pariwo lé e lórí. Èmi náà pariwo. Níbi ìsìnkú ọ̀kan nínú wa lóṣù tó kọjá, aṣọ ẹgbẹ́ dúró lára wa dáadáa, ṣùgbọ́n eékún ò jẹ́ ká lè dìde. Àwọn ìyàwó tí a kọ̀ yẹn náà ló ń gbé oúnjẹ kiri fún àlejò wa.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ mi pè. Ó ti rí ilé kan, yàrá mẹ́ta, ẹ̀yìnkùlé kékeré tí èèyàn lè gbin ẹ̀fọ́ sí. Báǹkì ṣì ń wo ìwé rẹ̀. Mo ní, "Tó o bá wá di onílé báyìí, ṣé o ò ní di Tory mọ́ wa lọ́wọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

"Màámi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí kọ́kọ́rọ́ ná."