Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa pípààrọ̀ bọ́ọ̀dù power supply nínú pánẹ́ẹ̀lì Mark V

Bí bọ́ọ̀dù TCPS, ìyẹn power supply tó ń bọ́ àwọn bọ́ọ̀dù yòókù, bá kú nínú pánẹ́ẹ̀lì Speedtronic Mark V tó ń darí tọ́báìnì, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni kí wọ́n sáré lọ sí sítọ̀, kí wọ́n gbé òmíràn wá, kí wọ́n sì kì í bọ ibẹ̀. Ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù yìí kì í sábà ṣàdédé kú. Iná tó ń wọ inú rẹ̀, tàbí ooru tó ń jẹ ẹ́ lára, ló máa ń pa á, ohun kan náà ni yóò sì pa èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá. Èyí tó wà ní sítọ̀ náà sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ èyí tó kú lọ́jọ́ orí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni General Electric gbé Mark V jáde láti Salem, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Nínú èyí tó jẹ́ TMR (irú tí ọpọlọ mẹ́ta jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà), ọpọlọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, R, S àti T. Wọ́n jọ ń dìbò ni, ohun tí méjì bá fẹnu kò lé lórí ni tọ́báìnì ń ṣe. Ọpọlọ kẹrin, C, ló ń bá kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní TCPS tirẹ̀, tó ń gba iná DC 125 V láti PD (ibi tí pánẹ́ẹ̀lì ti ń pín iná), tó sì ń sọ ọ́ di +5 V, +15 V, -15 V, +24 V àti -24 V. Ẹ má wá TCPS lọ sí P, ìyẹn apá tó ń dáàbò bo tọ́báìnì, nítorí àwọn bọ́ọ̀dù TCEA ibẹ̀ ló ń ṣe iná ara wọn.

Ibi tí iná ti ń wọlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Báńkì bátìrì onílẹ́ẹ̀dì tó ní sẹ́ẹ̀lì 60 máa ń wà ní nǹkan bí 135 V nígbà tí ṣájà bá ń bọ́ ọ bó ṣe yẹ, ìyẹn 2.25 V lórí sẹ́ẹ̀lì kan. Bí wọ́n bá ń ṣáájì rẹ̀ lágbára láti mú gbogbo sẹ́ẹ̀lì dọ́gba, ó lè dé 140 V. Ojú PD gan-an ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe lórí bátìrì, nítorí ojú wáyà tó ti yọ̀ tàbí tó ti dípẹtà lè jí fóòtì gbé lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí mítà sí AC lórí ibì kan náà. Bí ẹ bá rí AC tó tó fóòtì mélòó kan, fílítà ṣájà ti lọ, àwọn kapásítọ̀ TCPS ló sì ń gbé ẹrù tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ tún wọn apá méjèèjì iná DC náà, + àti -, sí ilẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ní nǹkan bí 62 sí 68 V lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo tí èkejì sì kó gbogbo rẹ̀, wáyà kan ti kan ilẹ̀ níta, bóyá nínú àpótí tí omi òjò wọ̀. Ẹ wá a rí kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù kankan: bí apá kejì bá tún kan ilẹ̀, fíúsì ni yóò máa jó.

Àmì tí ẹni tó mọṣẹ́ máa ń ṣọ́ ni kí ọpọlọ kan máa tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tó tọ́ ọ. Bó bá wà ní A7, ìyẹn ipò tó fi hàn pé ó ti ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, á já bọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ìsàlẹ̀. +5 V ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó yẹ kó wà láàárín 4.75 V sí 5.25 V, ṣùgbọ́n mítà lásán lè tan yín. Ó lè kọ 5.02 V sójú nígbà tí ìgbì tó yára ń jà lórí iná náà, tí mítà kò lè rí i. Oscilloscope ló ń rí i: ẹ dín bandwidth rẹ̀ kù sí 20 MHz, kí ẹ sì lo ìrin ilẹ̀ kékeré tó wà létí ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe wáyà gígùn olórí ọ̀nì, nítorí wáyà yẹn fúnra rẹ̀ yóò máa kó ariwo wọlé. Bí ìgbì náà bá ti kọjá 50 mV láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi kì í dúró kó di 200.

Kapásítọ̀ electrolytic ló ń fa èyí. Omi inú rẹ̀ ń gbẹ, ìdènà inú rẹ̀ ń ga, kò sì lè tẹ́ ìgbì náà mọ́. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ooru bá lọ sókè ní digírì 10, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín kù sí ìdajì. Kapásítọ̀ tí wọ́n ṣe fún wákàtí 2,000 ní 105°C yóò lo nǹkan bí wákàtí 64,000 ní 55°C, ìyẹn ọdún méje lé díẹ̀. Ní 65°C, 32,000 ni, kò tó ọdún mẹ́rin. Ẹ wá wo yàrá pánẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ti bàjẹ́ tí kò sẹ́ni tó bìkítà. Owó tí wọ́n kọ̀ láti fi tún amúlétutù ṣe, bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń fi í rà.

Nípa èyí tó wà ní sítọ̀: wọn kì í ṣe é mọ́, nítorí náà èyí tí wọ́n bá tà fún yín pé tuntun ni lè ti wà nínú ọ̀rá fún ogún ọdún. Kapásítọ̀ tí kò rí iná fún ìgbà pípẹ́ máa ń pàdánù awọ tó ń dáàbò bò ó nínú, ó sì lè bẹ́ tí ẹ bá ṣàdédé tan 125 V sí i. Ní tèmi, ó sàn kí ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn kó tó wọ pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ ra ti 105°C tí ìdènà inú rẹ̀ kéré, kí ìwọ̀n microfarad rẹ̀ bára mu, kí fóòtì rẹ̀ má ṣe rẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ẹ má fi polymer dípò rẹ̀ kìkì nítorí pé ó dára jù, torí ìdènà tó kéré jù lè mú kí reguletọ̀ máa gbọ̀n. Ẹ ha ọ̀dà tí wọ́n fi bo bọ́ọ̀dù náà kúrò kí ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì kàn án, kí ẹ sì tún un kùn lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹrù. Power supply irú èyí lè fi fóòtì tó dára hàn nígbà tí kò gbé nǹkan kan, kó wá rọ bí ẹ bá gbé iṣẹ́ lé e. Rẹsístọ̀ 1 Ω lórí +5 V ń fa 5 A, ooru 25 W ló sì ń yọ, nítorí náà èyí tó lè gba 50 W ni kí ẹ lò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i dájú pé bọ́ọ̀dù náà lè gbé bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú.

Ẹ ka nọ́mbà rẹ̀ tán pátápátá. DS200TCPSG1A àti àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí nọ́mbà tó tẹ̀ lé G bá yàtọ̀, bọ́ọ̀dù mìíràn nìyẹn. Bí ẹ bá rí jọ́ńpà lára ti àtijọ́, ẹ tò ó bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sára tuntun.

Bó bá ṣeé ṣe, kí tọ́báìnì wà ní ìdúró. Bí kò bá ṣeé ṣe, tó sì jẹ́ TMR, kí àwọn méjì yòókù wà ní A7 láìsí àlámù kankan. Ẹ tún wo sẹ́fò, ìyẹn àwọn fálúfù tí pánẹ́ẹ̀lì fi ń darí epo. Kọ́ìlì mẹ́ta ni fálúfù kọ̀ọ̀kan ní, ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ ọ̀kan. Bí kọ́ìlì kan bá ti já níbòmíràn tí ẹ kò mọ̀, tí ẹ wá pa ọpọlọ kan, kọ́ìlì kan ṣoṣo ló kù tó ń di epo mú, tọ́báìnì sì lè tírípù, ìyẹn kó dá ara rẹ̀ dúró lójijì. Kí ẹnì kan ka orúkọ súwíìsì sókè, kí ẹnì kejì tún un kà kó tó fọwọ́ kàn án, nítorí pípa S dípò R ti tó láti dá gbogbo nǹkan dúró.

Súwíìsì ọpọlọ yẹn ní PD ni kí ẹ pa. Ẹ má já bírékà bátìrì láé. Iná 125 V yìí kan náà ni pọ́ǹpù òróró pàjáwìrì ń lò, rotọ̀ tó ṣì gbóná sì nílò òróró lórí bíárìn rẹ̀. Ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wọn kapásítọ̀ tó tóbi jù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì wọ okùn ọrùn-ọwọ́ tó ń gbé iná ara lọ sílẹ̀. Ẹ jìnnà sí àwọn wáyà tó ń lọ síbi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná inú kómbọ́sítọ̀, 335 V DC ló wà níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì lẹ nọ́mbà mọ́ wáyà pẹrẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń dá wọn padà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ìhà méjèèjì: wáyà tó bá yẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan péré lè gbé 24 V lọ síbi tí 5 V yẹ kó wà, kó sì jó ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá tan án, +5 V ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, lẹ́yìn náà ẹ dúró kó dé A7. Ẹ fi ohun tí ọpọlọ náà ń kà wé ti àwọn méjì yòókù: ìyára, ooru ìjáde, àyè fálúfù epo. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí kan tí ara rẹ̀ bá ti gbóná, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ẹ má ju bọ́ọ̀dù tó kú nù. Tiransfọ́mà àti kọnẹ́tọ̀ rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, ẹni tó bá máa tún èyí tó ń bọ̀ ṣe yóò béèrè fún wọn. Ẹ kọ ohun tó ṣe é sórí bébà, kí ẹ so ó mọ́ ọn, kí ẹ sì fi í sínú ọ̀rá adènà iná ara.