Ta ni Yóò Bá Wa Gba Gbèsè Tó Wà ní Ìpínlẹ̀ Mìíràn?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1858, Abraham Lincoln, tí kò tíì di ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ lẹ́tà sí àwọn oníṣòwò kan ní St. Louis tí wọ́n ti gbé ẹjọ́ gbèsè lé e lọ́wọ́. Ó ti gba ìdájọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn onígbèsè náà wà káàkiri ìpínlẹ̀ Illinois, ó sì di dandan kí ẹnìkan wádìí ilẹ̀ tí oníkálukú wọn ní kí á tó lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Lincoln àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti rán ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò kan lọ káàkiri fún iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ àwọn oníbàárà ń ráhùn pé iṣẹ́ ń falẹ̀. Ọ̀rọ̀ sú Lincoln. Ó ní òun lè rojọ́ ní kóòtù, ṣùgbọ́n òun kò ní máa lé ìdájọ́ kiri gbogbo ayé. Kí wọ́n dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́, òun yóò kó gbogbo ìwé wọn fún un.

Ìráhùn yẹn kò tíì tán nínú iṣẹ́ gbèsè ní Amẹ́ríkà títí di òní. Èmi ni mo máa ń to ìwé ẹjọ́ gbèsè jọ níbi iṣẹ́ mi kí á tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, mo sì mọ̀ pé gbígba ìdájọ́ lọ́tọ̀, gbígba owó lọ́tọ̀. Ibi tí dúkìá onígbèsè wà ni owó ti ń jáde, kò sì sí ẹni tó lè ṣe òṣómàáló láti ẹgbẹ̀rún máìlì. Lẹ́yìn lẹ́tà Lincoln ní ọdún mẹ́wàá, ní 1868, James B. Martindale tẹ àkójọ orúkọ jáde fún àwọn agbẹjọ́rò, ilé ìfowópamọ́ àti àwọn oníṣòwò tí wọ́n nílò ẹni tó ṣeé fọkàn tán ní ìlú tí wọn kò dé rí. Ní 1895, àwọn agbẹjọ́rò tó ń ṣe iṣẹ́ gbèsè oníṣòwò dá ẹgbẹ́ Commercial Law League of America sílẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí ṣe ń gbilẹ̀ ni àwọn àkójọ mìíràn ń jáde, tó jẹ́ pé ẹjọ́ gbèsè àti ti ìwọkogbèsè (ìyẹn nígbà tí onígbèsè bá lọ sọ ní kóòtù pé òun kò lè san gbèsè mọ́) nìkan ni wọ́n wà fún.

Ohun tó mú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí orúkọ tí ènìyàn kàn wá lórí Google ni onídùúró tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí onígbèsè bá sanwó, ọwọ́ agbẹjọ́rò tó wà nítòsí rẹ̀ ni owó náà máa ń kọ́kọ́ dé, inú àkáǹtì tí ó yà sọ́tọ̀ fún owó oníbàárà ni ó sì yẹ kó wà títí yóò fi fi ránṣẹ́. Olówó, ìyẹn ẹni tí a jẹ ní gbèsè, tó wà ní ọ̀nà jíjìn lè má mọ̀ rárá pé owó ti wọlé. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ àkójọ wọ̀nyí ṣe ń ra ìwé onídùúró, pé bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkójọ bá kó owó jẹ, a ó san án padà fún olówó títí dé iye tí a kọ sínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ààbò yìí ní àdéhùn: ẹni tó ń fi ẹjọ́ ránṣẹ́ ní láti dárúkọ àkójọ tó ti rí agbẹjọ́rò náà, kó sì fi tó àwọn tó ni àkójọ náà létí nígbà tó ń fi ẹjọ́ ránṣẹ́ gan-an. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò.

Onídùúró ń fi dá ọ lójú pé a ó san owó rẹ padà bí wọ́n bá jí i. Kò sọ fún ọ pé agbẹjọ́rò náà mọ iṣẹ́. Ìyẹn ni o gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ béèrè. Ní Texas, fún àpẹẹrẹ, ẹni tí a jẹ ní gbèsè ọjà lásán kò lè gbẹ́sẹ̀ lé owó oṣù onígbèsè, nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi agbẹjọ́rò ibẹ̀ ni ohun tí ó rò pé a lè rí mú. Ẹjọ́ ọjà títà ní gbèdéke ọdún 4 tí a fi lè pè é lábẹ́ òfin ìṣòwò tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jọ ń lò, ṣùgbọ́n irú gbèsè mìíràn lè ní gbèdéke tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìdájọ́ bá ti wà nílẹ̀ láti ibòmíràn, mo fẹ́ mọ̀ bóyá agbẹjọ́rò náà ti forúkọ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí ní káúńtì tí onígbèsè wà.

Ìwé tí a fi ránṣẹ́ náà ń sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe yá tó. Orúkọ onígbèsè gbọ́dọ̀ rí gẹ́lẹ́ bí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹjọ́ tí a pè mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ LLC lè di asán bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Inc. ló ra ọjà. Ìwé àkọsílẹ̀ ọjà, àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti ìwé onídùúró tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, bí ó bá wà, gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹ̀dà sọ̀wédowó kan tí onígbèsè ti fi sanwó rí: orúkọ ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ wà lójú rẹ̀ gbangba, ibẹ̀ sì ni a ó kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ lé lẹ́yìn ìdájọ́.

Ní ti owó iṣẹ́, ìdá kan nínú owó tí wọ́n bá rí gbà ni agbẹjọ́rò máa ń mú, olówó sì ni yóò san owó ìwé kóòtù ṣáájú. Àṣà àtijọ́ ni pé agbẹjọ́rò tó fi ẹjọ́ ránṣẹ́ ń mú ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ náà. Lábẹ́ àpẹẹrẹ òfin ìwà tí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, irú pínpín bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ tí oníkálukú ṣe mu, tàbí kí àwọn méjèèjì jọ ru ẹrù ẹjọ́ náà. Oníbàárà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àpapọ̀ owó náà kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò kò ní ìpín nínú rẹ̀ rárá. Bí gbèsè bá sì jẹ́ ti ẹni tó ra ohun ìlò ilé, òfin gbígba gbèsè ti 1977 wọ̀ ọ́, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sì ti sọ ní 1995 pé òfin náà kan àwọn agbẹjọ́rò tó ń gba gbèsè déédéé. Ibi tí ẹni náà ń gbé tàbí ibi tó ti fọwọ́ sí àdéhùn ni a ti lè pè é lẹ́jọ́.

Ìwọkogbèsè yí gbogbo ètò yìí padà. Ọjọ́ tí onígbèsè bá ti wọ kóòtù ni òfin ti dí gbogbo ìgbìyànjú láti gba gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀, agbẹjọ́rò tó wà nítòsí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì lè má wúlò mọ́, nítorí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà rẹ̀ ní Ohio lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí Delaware níbi tí ó ti forúkọ sílẹ̀. Kóòtù ni a ó fi wá agbẹjọ́rò, kì í ṣe ìlú onígbèsè. Síbẹ̀, mi ò gbà pé kí olówó sáré gba agbẹjọ́rò kí ó tó lè fi ìwé gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀. Ó lè kún fọ́ọ̀mù 410 fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ 70 ni ó ní lábẹ́ Chapter 7 tàbí 13 (oríṣi ìwọkogbèsè méjì nínú òfin) tí onígbèsè fúnra rẹ̀ bá béèrè fún. Ibi tí ó ti yẹ kó ná owó lórí agbẹjọ́rò ni ọjà tí onígbèsè gbà láàárín ọjọ́ 20 ṣáájú ọjọ́ tó wọ kóòtù, nítorí òfin fi owó irú ọjà bẹ́ẹ̀ sí iwájú ọ̀pọ̀ gbèsè mìíràn, àti nígbà tí wọ́n bá pe olówó lẹ́jọ́ pé kó dá owó tí ó ti gbà lọ́wọ́ onígbèsè láàárín ọjọ́ 90 ṣáájú ọjọ́ náà padà.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ó máa ń ká àwọn olówó lára jù. Òfin 2019 gbé iye kan sókè dé 25,000 dọ́là (ó ti tún pọ̀ sí i láti ìgbà náà), tó jẹ́ pé bí gbèsè oníṣòwò tí a ń torí rẹ̀ pe ẹjọ́ bá kéré sí i, ibi tí ẹni tí a pè ń gbé ni kí á ti pè é. Àwọn adájọ́ kò fẹnu kò lórí bóyá òfin yìí kan ẹjọ́ owó ọjọ́ 90. Nítorí náà, kí olówó tó wá ẹnikẹ́ni ní Delaware, kí ó kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò tirẹ̀ nílé ohun tí kóòtù ibẹ̀ ti sọ, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹni tó pè é lẹ́jọ́ gan-an ni yóò ní láti ṣí àkójọ náà wá agbẹjọ́rò ní ìlú rẹ̀.