Ọmọ Japan Tí Èdè Ìyá Rẹ̀ Sọnù Lẹ́nu Rẹ̀

Ọmọ ọdún 6 péré ni Tsuda Umeko nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Japan fi òun àti àwọn ọmọbìnrin 4 mìíràn ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1871, kí wọ́n lè kọ́ ẹ̀kọ́ àwọn Òyìnbó wá sílé. Nígbà tí Umeko padà dé lọ́dún 1882, èdè Japan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu rẹ̀, débi pé kò lè bá ìyá tó bí i lọ́mọ sọ̀rọ̀ geere.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti gún mi lọ́kàn, nítorí pé láìpẹ́ yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti London dé sílé wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ó kúnlẹ̀ dáadáa níwájú màmá wa, ṣùgbọ́n nígbà tí màmá ń ki í ní oríkì, ojú mi ló ń wò, pé kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Màmá dákẹ́, wọ́n sì fi etí ìró nu ojú.

Umeko tún èdè rẹ̀ kọ́, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1900. Àwòrán rẹ̀ ló wà lára owó 5,000 yen tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024. Ní tiwa, alaalẹ́ ni ọmọ náà ń jókòó ti màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti mọ ìlà 3 nínú oríkì rẹ̀ báyìí.