Kí ẹ tó gbé image kan sórí ogójì kọ̀ǹpútà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe SIWES ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, bí ọ̀gá bá ní kí ẹ fi Windows sórí 40 kọ̀ǹpútà, ẹ má tíì wá flash kiri. Ìwé àti bírò ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ̀dà ṣíṣe ló rọrùn jù, ẹ̀rọ ló ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni ohun tí a fi sínú image, ìyẹn ẹ̀dà odidi disk tí a fẹ́ gbé sórí àwọn yòókù, torí pé ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, ì báà dára, ì báà burú, yóò di ogójì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Tòkúnbọ̀ pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti gbọ̀ngàn CBT lọ́dọ̀ wa. HP ń bá Dell jókòó, Lenovo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọjọ́ orí wọn ò sì dọ́gba. Ẹ lọ sídìí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ RAM sílẹ̀, bí disk ṣe tóbi tó, bóyá UEFI ló fi ń tan tàbí BIOS àtijọ́ (ètò inú motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà), bóyá AHCI ni disk wà lórí rẹ̀ tàbí RAID (ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bá disk sọ̀rọ̀), àti MAC address, nọ́ńbà tí a fi ń dá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ mọ̀. Image tí a gbà lórí ẹ̀rọ UEFI ń gbé GPT (ọ̀nà tuntun tí a fi ń pín disk) bọ̀, ẹ̀rọ tó jẹ́ BIOS àtijọ́ nìkan ló mọ̀ ò ní fi tan. Èyí tí a gbà lórí AHCI, bó bá dé orí ẹ̀rọ tó wà ní RAID, ó lè jẹ́ ojú búlúù tí wọ́n kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE sí ni ẹ máa bá pàdé. Tí ẹ bá sì ń lo Clonezilla, irinṣẹ́ tó ń gba image tó sì ń gbé e sórí disk mìíràn, image tó ti orí disk 500 GB wá kì í fẹ́ wọ disk 256 GB, kódà bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ju 30 GB lọ. Disk tí ẹ ó ti gba image kò gbọ́dọ̀ tóbi ju èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn lọ. Ẹ wo aago wọn pẹ̀lú: bátìrì kékeré orí motherboard tó ti kú máa ń dá ọjọ́ padà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bù á sì kọ̀ láti ṣí, ẹ ó wá máa rò pé image ló bàjẹ́.

Inú ìwé yẹn náà ni ẹ ó ti rí àwọn tí kò lè gba Windows 11, torí pé ó ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò inú ẹ̀rọ), RAM 4 GB àti disk 64 GB ó kéré tán. Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, 2025. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín ní kùtùkùtù, kí ẹ sì fi kọ ìwé, kí wọ́n lè pinnu bóyá wọ́n á ra òmíràn tàbí wọ́n á lo Linux.

Kọ̀ǹpútà àwòṣe tí a ó ti gba image ńkọ́? Inú VirtualBox, ètò tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àfarawé (VM) nínú kọ̀ǹpútà, ni mo fẹ́ràn láti kọ́ ọ, kí driver (ètò tó ń darí ohun inú ẹ̀rọ) ilé iṣẹ́ kankan má bàa bá a wọlé. Bí Windows bá ti dé ojú ìbẹ̀rẹ̀ tó ti ń bi yín ní orílẹ̀-èdè, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti F3 pọ̀. Á gbé yín wọ audit mode, ipò tí a ti ń tún Windows ṣe, láì ṣẹ̀dá orúkọ oníṣẹ́ (user) kankan. Ohun tí gbogbo ènìyàn máa lò nìkan ni kí ẹ fi sí i. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀ títí tí ẹ ó fi parí: bí àwọn app inú Store bá sọ ara wọn di tuntun fún oníṣẹ́ kan ṣoṣo, Sysprep, irinṣẹ́ Windows tó ń nu àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kúrò kí a tó gba image, lè kọ̀ jálẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ ka setupact.log nínú fódà Panther tó wà lábẹ́ Sysprep, ibẹ̀ ló ń sọ ohun tó ń dùn ún. Ẹ gba snapshot (ipò VM tí ẹ lè padà sí), kí ẹ tó wá tẹ sysprep /generalize /oobe /shutdown. Lẹ́yìn tó bá ti kú, ẹ má jẹ́ kó tún wọ Windows mọ́ títí tí ẹ ó fi gba image rẹ̀.

Ibi /generalize yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní SID tirẹ̀, òun ni a fi ń dá a mọ̀. Ní 2009, Mark Russinovich ti Microsoft kọ̀wé pé SID tó jọra kì í fa wàhálà tí a rò, wọ́n sì fẹ̀yìn NewSID, irinṣẹ́ tó ń pààrọ̀ SID, tì. Àwọn ènìyàn di ọ̀rọ̀ yẹn mú, wọ́n ń ṣe ẹ̀dà láìlo Sysprep. Ní báyìí, update tó jáde láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, 2025 fún Windows 11 24H2, 25H2 àti Server 2025 ti ń yẹ SID wò. Ẹ̀rọ méjì tí tiwọn bá jọra ò ní lè wọlé síra wọn: fódà àjọlò á kọ̀, Remote Desktop á kọ̀, pásíwọ́ọ̀dù sì tọ̀nà. KMS, server tó ń fún àwọn Windows ilé iṣẹ́ ní àṣẹ, náà ò gbẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ ka 25 kọ̀ǹpútà kó tó fún Windows ní àṣẹ, àmọ́ àwọn ẹ̀dà tí kò gba Sysprep, ọ̀kan ṣoṣo ló ń kà wọ́n sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Ubuntu, ẹ sọ /etc/machine-id (fáìlì nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) di òfìfo, kí ẹ sì pa kọ́kọ́rọ́ SSH (èyí tí ẹ̀rọ fi ń fi ara rẹ̀ hàn fún ẹni tó ń wọlé láti òkèèrè) rẹ́ kí ẹ tó gba image, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ lè rí ẹ̀rọ méjì tó ń jà lórí IP (àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kan.

Ẹ má fi pásíwọ́ọ̀dù alábòójútó sílẹ̀ nínú unattend.xml, fáìlì tó ń dáhùn ìbéèrè Windows fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ń fi í sórí ẹ̀rọ. Kò fara pamọ́ níbẹ̀ rárá, ẹ̀dà fáìlì náà sì ń kù sínú C:\Windows\Panther.

Ó kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Síwíìsì tí kò kọjá 100 Mbps kò lè gbé ju 12.5 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Image 20 GB á gbà tó ìṣẹ́jú 27 fún ẹ̀rọ kan. Bí server bá ń fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ogójì á gbà tó wákàtí 18. Ta ló fẹ́ ra epo jẹnẹrétọ̀ wákàtí 18? Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo multicast: server á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn á gbọ́. FOG (server ọ̀fẹ́ tó ń pín image) àti Clonezilla ń ṣe é. Ẹ wá síwíìsì gigabit, kí ẹ sì ya àwọn tó ṣì ń lo disk àtijọ́ sọ́tọ̀, torí pé ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn á máa dúró dè. Ẹ má so server yín mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì, kí DHCP (ètò tó ń pín IP) méjì má bàa máa pín IP lójú kan. Ẹ fi server àti síwíìsì sórí UPS. Kọ̀ǹpútà tí iná bá kú mọ́ lọ́wọ́, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é.

Ní ọ́fíìsì, bí irú àwọn tó wà ní Alágbàkà, iṣẹ́ ènìyàn wà lórí disk tí ẹ fẹ́ parẹ́. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ bi wọ́n pé, “Mà, ibo lẹ máa ń kó iṣẹ́ yín sí?” Wọ́n lè ní Documents, àmọ́ ẹ tún wo Desktop, Downloads àti drive D. Ẹ kó o sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí àwọn fúnra wọn ṣí i, kí wọ́n sì sọ pé ó pé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọdún méje ìwé owó oṣù ò ṣeé tún kọ.

Ẹ ò nílò yàrá kọ̀ǹpútà láti fi kọ́ èyí. Laptop tó ní RAM 8 GB, VirtualBox àti Clonezilla tó, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ ṣe àwòṣe nínú VM kan, ẹ gbé image rẹ̀ sínú méjì mìíràn, ẹ má tan wọ́n pọ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ whoami /user, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀lé S-1-5-21. Bí ti àwọn méjèèjì bá jọra, ẹ padà sídìí Sysprep.