Ìràwọ̀ márùn-ún ò tó o

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ìràwọ̀ tí wọ́n ń tò sábẹ́ orúkọ èèyàn lórí àwọn áàpù tá a fi ń háyà ilé tàbí mọ́tò lọ́wọ́ ara wa, mi ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí mọ́. Kì í ṣe pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀ o, ojú ló ń ti èèyàn. Ẹni tó gbà ẹ́ sílé, tó tún rẹ́rìn-ín sí ẹ, ṣé wàá wá fún un ní ìràwọ̀ méjì torí pé omi ò gbóná? Márùn-ún lo máa tẹ̀, wàá bá tìẹ lọ. Ẹ̀rù ẹ̀san náà tún wà ńbẹ̀, tí n bá kọ burúkú nípa ẹ ìwọ náà á kọ tèmi, ìdí nìyẹn tí Airbnb, áàpù tí wọ́n fi ń háyà ilé fún àlejò, fi yí i padà ní 2014 pé kálukú ò ní rí ohun tí ẹnì kejì kọ àfi tí àwọn méjèèjì bá kọ tán tàbí tí ọjọ́ 14 bá pé. (eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2008, wọn ò jẹ́ kí òǹtajà kọ burúkú nípa oníbàárà mọ́ rárá, inú sì bí àwọn òǹtajà gan-an.)

Ohun témi máa ń wá báyìí ni pé tí nǹkan bá bàjẹ́, ta ló máa sanwó ẹ̀? Ní 2011, àlejò kan ba ilé obìnrin kan jẹ́ ní San Francisco, ó kó ẹrù ẹ̀ lọ, ariwo gba íntánẹ́ẹ̀tì kan, ìgbà yẹn ni Airbnb tó ti wà láti 2008 ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé àwọn máa san tó $50,000 fún onílé tí wọ́n bá bà nílé jẹ́. Nígbà tó fi máa di 2012 ó ti di mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹ ò rí i pé ariwo ló mú un wá.

Ti mọ́tò tún burú jù. Ìnṣọ́ránsì tó o ra fún ara ẹ, lọ́pọ̀ ìgbà kì í bo mọ́tò tó o bá fi ń gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíì, torí náà ka ìwé ẹ̀ kó o tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́, kó o sì ya fọ́tò ẹ̀ yípo, tinú tìta.

Ẹni tó bá wá ní ká kúrò lórí áàpù, ká bọ́ sí WhatsApp, kí n sanwó fóun tààrà kóun lè dín in kù fún mi? Rárá o. Tówó bá ti gba ẹ̀yìn kọjá, kò sí ẹni tó máa dá a padà fún ẹ. Tó bá ta kú, mo máa ripọ́ọ̀tì ẹ̀, mo sì máa wá ilé míì.