Ọjọ́ tí àyípadà fara hàn kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe é

Bí nǹkan bá dédé yí padà lórí mainframe (kọ̀ǹpútà ńlá iléeṣẹ́) tó ń lo z/OS, tí kò sí ẹni tó sọ pé òun ló ṣe é, ẹ má tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ kọ́kọ́ tẹ àṣẹ D IPLINFO sórí console. Ó máa sọ ọjọ́ àti wákàtí IPL (títan z/OS) tó kẹ́yìn, pẹ̀lú LOADxx àti IEASYSxx, àwọn fáìlì ètò ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀rọ náà kà. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú PARMLIB (láìbìrì tí wọ́n ń kọ ètò ẹ̀rọ sí), ìgbà IPL nìkan ni ẹ̀rọ máa ń kà á. Ẹni tó fọwọ́ kàn án lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti lè gbàgbé, kó wá jẹ́ pé IPL àná ló gbé e jáde. Nítorí náà, ẹ wá a láti IPL tó ṣáájú títí dé ti àná.

Ẹ tẹ D PARMLIB. Ó máa to àwọn láìbìrì tó para pọ̀ di PARMLIB. Bí member (fáìlì inú láìbìrì) kan náà bá wà nínú láìbìrì méjì, èyí tó wà nínú láìbìrì àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ máa mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ (D PROG,APF fún àpẹẹrẹ, tó ń fi àwọn láìbìrì tí wọ́n fún ní àṣẹ pàtàkì hàn) wé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí wọn ò bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló tẹ SETPROG tàbí SET, àwọn àṣẹ tó ń yí ètò padà láìsí IPL. OPERLOG (àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí console) máa fi hàn. Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kì í kọjá IPL tí wọn ò bá kọ ọ́ sínú PARMLIB. Òun ló fà á tí ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa fi ń pòórá lẹ́yìn IPL, tí gbogbo èèyàn á máa wá ẹni tó yọ ọ́.

Bí wọ́n bá dọ́gba, inú láìbìrì ni wọ́n ti tún un kọ. Ẹ má gbára lé ID tí ISPF (ètò tí wọ́n fi ń tún member kọ) ń fi hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ member. Ó ṣeé yí padà, IEBCOPY (ètò tó ń da member kọ) sì máa ń gbé ID àtijọ́ wá látibi tó ti dà á kọ. Bí àyè ID bá ṣófo, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jọ́ọ̀bù tó lo ètò ìdàkọ bí IEBGENER ló kọ ọ́.

Ẹ̀rí tó lágbára ni SMF type 15, àkọsílẹ̀ tí z/OS ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ṣí láìbìrì láti kọ nǹkan sí i. Ẹ fi ètò IFASMFDP yọ ọ́. Ó ní orúkọ láìbìrì, orúkọ jọ́ọ̀bù àti àkókò. Fún ẹni tó wà lórí TSO (ibi tí èèyàn ti ń wọlé ṣiṣẹ́ lórí z/OS), orúkọ jọ́ọ̀bù náà ni userid rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ISPF ni wọ́n fi tún un kọ, kò ní sọ orúkọ member. Ibi tí mo ti ń rí i táwọn èèyàn ń há sí jù nìyí: LPAR (ìpín ẹ̀rọ tó ń dá z/OS tirẹ̀ ṣiṣẹ́) kọ̀ọ̀kan ló ń kọ SMF tirẹ̀. Bí LPAR mẹ́rin bá jọ ń lo dísíìkì kan, SMF mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa tú. Ẹ tẹ D SMF,O náà, kẹ́ ẹ rí i pé wọn ò fi NOTYPE pa type 15.

Ní ti RACF (ètò ààbò z/OS), bí wọ́n bá dá profile (òfin ààbò fún láìbìrì) sílẹ̀ láìyan ohun mìíràn, ìgbìyànjú tó kùnà nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó ní àṣẹ á wọlé, á ṣe é, á jáde láìsí àmì nínú àkọsílẹ̀ RACF. Ẹ ṣe èyí lónìí, kó lè máa kọ àyípadà tó bá ṣeé ṣe náà sílẹ̀:

ALTDSD 'SYS1.PARMLIB' AUDIT(SUCCESS(UPDATE) FAILURES(READ))

Kẹ́ ẹ sì wo iye ọjọ́ tí ẹ ń tọ́jú SMF. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 30, tí IPL yín sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ̀rí náà á ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kóun wá a.