Alẹ́ Tí Mo Rí Ajá Òṣùpá ní Ẹ̀pẹ́

Torí ẹja ni mo ṣe lọ sí Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe torí ìràwọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ kẹta oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Ìyàwó mi ní ẹja tútù láti ọjà Olúwo ló wu òun, mo ní kò burú, n ó sun ilé ẹ̀gbọ́n mi kí n lè tètè dé ọjà láàárọ̀ Sátidé. Mo wọ dánfó ní Ajah. Ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbà á rí ò nílò àlàyé.

Nígbà tí mo fi dé, ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì ti mú iná. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi na ohun kan bíi páìpù sójú ọ̀run: awò-awọ̀nàjíjìn, tòkunbọ̀, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ náà ti kán, ó fi igi ìgbálẹ̀ tì í, ó sì fi rọ́bà dì í pinpin. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì.

Níwọ̀ oòrùn, lókè àwọn igi àgbọn, òṣùpá tín-ín-rín kan dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ àwọn apẹja tó wà létí ọ̀sà. (Lápá ibi tiwa yìí, tí kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ẹ̀yìn ló máa ń fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ará Yúróòpù, ńṣe ló máa ń nàró.) Àgùàlà, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Venus, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń tàn yanranyanran.

“Ajá rẹ̀ ti tẹ̀ lé e jáde,” ni Ìyá Àgbà wí látorí àpótí tí wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn. Ẹ̀yin náà kúkú mọ òwe yẹn: Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni.

“Wá wò ó,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Má fọwọ́ kàn án o!”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo di ojú kan. Ìpéǹpéjú ara mi nìkan ni mo kọ́kọ́ rí. Ìgbà tó ṣe, ohun funfun kan wọlé, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ohun tó wà nísàlẹ̀ omi. Ààbọ̀ ni! Àgùàlà tí mo ti ń rí láti kékeré, ààbọ̀ òṣùpá kékeré kan ló jẹ́ nínú awò náà, bí ìgbà tí wọ́n fọ́ àgbọn sí méjì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ó sún mọ́ oòrùn ju ayé wa lọ, ibi tí oòrùn bá ti kọjú sí i nìkan ló ń tàn, ìdí nìyẹn tó fi ń sanra tó sì ń rù bíi ti òṣùpá. Ohun tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí ní ọdún 1610 nìyẹn, tó fi mọ̀ pé oòrùn ni Àgùàlà ń yí po, kì í ṣe ayé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ohun tó ju 100 mílíọ̀nù kìlómítà lọ jìnnà sí wa. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ayé yìí. Tí ẹ bá to òṣùpá mẹ́ta síra wọn, wọn ò tó o ní ìbú. Ajá wo ló tóbi ju olówó rẹ̀ báyẹn?

Ìyá Àgbà dìde. Wọ́n tún gèlè wọn so, wọ́n fojú lé awò, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

“Ta ló ní ajá?” ni wọ́n wí níkẹyìn. “Ọmọ ẹ̀ rèé. Ẹ ò rí i bó ṣe jọ ọ́!”

Sátọ̀n, pílánẹ́ẹ̀tì olórùka, wà lókè Àgùàlà, òun ló já àwọn ọmọ kulẹ̀. Òrùka ńlá bíi ti inú ìwé ni wọ́n ń retí, ṣùgbọ́n lásìkò yẹn ẹ̀gbẹ́ ni òrùka náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kọ wá, ó rí bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún kọjá nínú ìlẹ̀kẹ̀. Èmi gbádùn rẹ̀ o, àwọn ọmọ ní ayédèrú ni.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, ọyẹ́ ti fi eruku bo ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run. Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ti gòkè kọjá eruku ní tirẹ̀, ọrùn sì dùn wá ká tó rí i. Ó ní ìlà méjì láàárín bí aṣọ òkè, àwọn òṣùpá rẹ̀ sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Kò sì dúró! Tí o bá ní kí ẹlòmíràn wá wò ó, kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ti jáde nínú awò. Mo rò pé ẹsẹ̀ onígi ìgbálẹ̀ ló ń yẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, ayé tí a dúró lé yìí ló ń yí. Mo wo ilẹ̀, mo di ògiri mú.

Ibi tá a wà nìyẹn tí iná fi dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè, “Up NEPA!”, ẹ̀yìnkùlé mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, àwọn ọmọ sá wọlé lọ fi fóònù sí iná. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú awò palẹ̀.

“Ẹ dúró ná,” ni Ìyá Àgbà wí. Wọ́n ti na ọwọ́ sápá àwọn igi àgbọn, wọ́n sì ń wá òṣùpá. “Òun àtọmọ ẹ̀ ti wọlé ni?”